Ojú Ọmọ Mi Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bá mi kí bàbá mi, ẹ ní mo ní kí wọ́n rọra máa gbé pákó. Mo gbọ́ pé wọ́n ní lẹ́tà làwọn fẹ́, pé fóònù kì í dúró kéèyàn tún un kà. Ó dáa, lẹ́tà náà nìyí.

Ara mi le. Ilé ìfọṣọ yẹn ni mo ṣì wà, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìwòsàn. Ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ló ń lọ̀ ọ́. Èmi àti obìnrin kan la máa ń di etí aṣọ mú lọ́tùn-ún lósì, tí a ó sì ká a. A kì í bá ara wa sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé a ń jà, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí nìyẹn.

Ẹ ní kí ni mo máa ń ṣe tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Tẹlifíṣọ̀n ni mo máa ń wò. Àwọn ará ibí fẹ́ràn eré ìdíje. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìlà. Wọ́n á to èèyàn síwájú ilẹ̀kùn kan tó wà ní títì, wọn ò ní sọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá bínú kúrò ti jáde nìyẹn. Ẹni tó bá kù gbẹ̀yìn ló gbégbá orókè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń ta gíláàsì ojú ló borí. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Ògiri ló wà níbẹ̀. Ó tẹríba, ó dúpẹ́, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un.

Òmíràn wà tí wọ́n á mú èèyàn méjì tí ògiri kan ṣoṣo pín yàrá wọn, wọ́n á ní kí kálukú sọ iṣẹ́ tí èkejì ẹ̀ ń ṣe. Wọn kì í mọ̀ ọ́n. Èmi náà ò mọ iṣẹ́ tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń ṣe. Mo kàn máa ń gbọ́ tó bá ń wúkọ́ ni.

Ẹ kọ̀wé sí mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Ẹlẹ́rìn-ín mi, ọmọ tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín,

Báwo ni? Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ò ń jẹun, ṣé ò ń rí oorun sùn? Òtútù ńkọ́? Ọ̀gá yín ńkọ́? Obìnrin tẹ́ ẹ jọ ń ká aṣọ ńkọ́, ṣé ó ti lọ́kọ? Mi ò bèèrè nítorí nǹkan kan o.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún bàbá rẹ. Nígbà tí mo dé ibi ilẹ̀kùn yẹn, ó ní kí n dúró ná. Ó ní, "Káfíńtà wo ló kan ilẹ̀kùn mọ́ ògiri?" Ó ní irú pákó wo ni wọ́n lò, ṣé wọ́n tilẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Mo ní ọmọ ò kọ ìyẹn. Ó ní òfo ọjọ́ kejì ọjà ni, pé láti ìgbà tí òun ti ń ṣe ilẹ̀kùn, òun ò ṣe èyí tí kò lọ síbì kankan rí. Inú bí i títí tó fi sùn, bí ẹni pé òun ni wọ́n jẹ ní gbèsè iṣẹ́ náà.

Tìrẹ lò ń sọ, tiwa náà ń bẹ. Ṣé o rántí oníbàtà tó wà ní kọ́nà wa? Ó lọ síbi ìdíje ìbéèrè lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní tí ìbéèrè bá le, kó pe ẹnì kan lórí fóònù kí onítọ̀hún bá a dá a lóhùn, ṣùgbọ́n aago á máa lọ o. Ìbéèrè le. Ó pe bàbá ìyàwó ẹ̀, tíṣà ni wọ́n. Wọ́n gbé fóònù, ó ní, "Ẹ kú ilé o, sà. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Màmá ńkọ́? Ìkan tó ń jẹ òrùlé yẹn ńkọ́?" Àwọn náà ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn náà ń bèèrè tirẹ̀. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ ti ń pariwo ìdáhùn, olóòtú ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n panu mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń bèèrè àwọn ọmọ ni aago ti lù, kò tíì ka ìbéèrè kankan.

Mo rò pé wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ tó bá dé. Rárá o! Gbogbo àdúgbò ló ní ó káre. Wọ́n ní ṣé kó bá àna ẹ̀ lórí fóònù kó wá máa bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá ni?

Ọmọ mi, bàbá rẹ ò gbádùn. Àyà ló ń dùn ún. Dókítà ní kó fi ayùn sílẹ̀. Ó ń bèèrè ẹ. Kì í sọ ọ́ ní tààrà, o mọ̀ ọ́n, ó kàn máa ń ní, "Ìgbà wo ni wọ́n ń gba ìsinmi nílé ìfọṣọ yẹn gan-an?" Jọ̀ọ́, wá wò ó. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Ìyá rẹ, télọ̀ tó ń fi gíláàsì wá ojú abẹ́rẹ́.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú bàbá mi. Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ. Mo ti rí ọ̀nà tí mo máa gbà wá.

Páìpù kan bẹ́ níbi iṣẹ́, ooru gbígbóná tú jáde, gbogbo èèyàn fò sókè. Èmi ò kúrò níbi tí mo wà, mo ń ká aṣọ lọ. Ọ̀gá wa obìnrin wò mí, ó ní irú ojú mi ni wọ́n ń wá. Ìdíje kan wà tí kò sẹ́ni tí kì í wò ó níbí, Ojú Bí Ògiri lorúkọ ẹ̀. Wọ́n á gbé ẹ jókòó sórí àga, kámẹ́rà á máa wo ojú àti ẹnu rẹ. Wọ́n á da omi yìnyín sí ẹ lọ́rùn. Wọ́n á mú aláwàdà wá, wọ́n á mú ẹni tó máa bú ẹ wá, wọ́n á gbé ọmọ ọwọ́ lé ẹ lẹ́sẹ̀. Tí ojú bá ti mì, aago á dún, o ti jáde nìyẹn. Ọ̀gá wa ló fi orúkọ mi sílẹ̀. Ẹni tó bá borí, wọ́n á fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, àlọ àtàbọ̀, síbikíbi tó bá wù ú láyé.

Ilé ló wù mí. Owó iṣẹ́ mi ò lè gbé mi débẹ̀, ẹ mọ̀. Kí bàbá mi ṣe sùúrù díẹ̀.

Àwọn ará ibí ò fi ìdíje yìí ṣeré. Wọ́n ní ẹni tó bá lè pa ojú ẹ̀ mọ́ ni kì í kó ìyọnu bá ẹlòmíràn. Ìwà ọmọlúàbí tiwọn nìyẹn. Ẹni tó bá sunkún níta níbí, òun ló máa ń tọrọ àforíjì.

Mo ti jókòó sórí àga náà lẹ́ẹ̀kan. Kò ṣòro fún mi, mi ò sì díbọ́n. Nígbà tí wọ́n da omi yẹn sí mi lọ́rùn, mo mọ̀ pé ó tutù, àmọ́ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ fún mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Ẹlẹ́rìn-ín,

Kí lo ṣe fún wọn?

Kí lẹ́tà rẹ tó dé ni fídíò ti dé. Onígbàjámọ̀ ló ránṣẹ́ pè mí, ó ní kí n sáré wá wo ọmọ mi. Mo dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, mo rí ẹ nínú fóònù, wọ́n dè ẹ́ mọ́ àga (mo rò pé wọ́n dè ẹ́), wọ́n ń da omi sí ẹ lára, ọkùnrin kan dúró síwájú rẹ ó ń bú ẹ. Mo ní ẹ gbà mí o! Mo ní wọ́n ti mú ọmọ mi! Ẹni tí wọ́n ń gé irun fún lọ́wọ́ dìde pẹ̀lú ìdajì irun lórí, ó ní ká lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìgbà tí lẹ́tà rẹ dé ni mo tó mọ̀ pé ìwọ fúnra rẹ lo lọ jókòó síbẹ̀. Ojú tì mí ládùúgbò, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí.

Ojú rẹ ló ń dùn mí. Ojú tí mo bí kọ́ nìyẹn. Wọ́n gbé ọmọ lé ẹ lẹ́sẹ̀, ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín sí ẹ, o wò ó bí ẹni ń wo pátákó. Ta ló kọ́ ẹ nírú ẹ̀? Níbí, tí o bá ṣe báyẹn síwájú èèyàn, wọ́n á ní o yájú, tàbí kí wọ́n ní kí ẹnì kan lọ pe dókítà. Àwọn ọ̀hún fi ń gba ife-ẹ̀yẹ! Ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà kálukú, mo gbà, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n sọ ẹ́ di tiwọn tán.

Bàbá rẹ náà wò ó. Ó wò ó títí, ó ní, "Ẹsẹ̀ àga yẹn ò dọ́gba." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó ti rù."

Má dúró de tíkẹ́ẹ̀tì. Bẹ ọ̀gá rẹ, a ó jọ wá nǹkan ṣe sí i. Bàbá rẹ ò lè rìn dé ìsọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá eré, ọmọ mi.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà

Màmá mi,

Ẹ má bínú sí mi. Ó ti kù díẹ̀. Àwa tá a kù ò pọ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì wà lára wa, ìyẹn le ju òkúta lọ, ṣùgbọ́n wọ́n mú ajá ẹ̀ tó ti sọnù wá bá a lójijì. Ó ní, "Háà." Aago dún. Ó dìde, ó bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo wa pé òun ba eré jẹ́. Tí mo bá kúrò nísinsìnyí, gbogbo ẹ̀ di asán, mi ò sì ní ohun tí mo máa fi wọkọ̀.

Ní ìparí, wọ́n á pe ìyá ẹni lórí fóònù kó wá sọ ohun tó lè mú ojú ẹni yí kí àsìkò ẹ̀ tó pé, kí aago tó lù. Wọ́n á pè yín. Ẹ sọ ohun tó bá wù yín. Ẹ má dààmú, ẹ ò lè ba nǹkan kan jẹ́ fún mi.

Báwo ni àyà bàbá mi?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù keje

Màmá mi,

Mo kọ̀wé, ẹ ò fèsì. Mo pe fóònù yín, ó ń dún, ẹ ò gbé e. Mo pe onígbàjámọ̀, ó ní dáadáa lẹ wà, ó ní òun ń gé irun fún ẹnì kan lọ́wọ́, ó sì pa fóònù. Mo gbọ́ ariwo èèyàn lẹ́yìn ẹ̀. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù keje

Ọmọ mi,

O ò ṣẹ̀ mí. Iṣẹ́ ló pọ̀. Aṣọ tí mo ń rán lọ́wọ́ pọ̀.

Bàbá rẹ ń sinmi. Àyà náà ò dùn ún mọ́.

Obìnrin kan láti tẹlifíṣọ̀n pè mí, pẹ̀lú ògbufọ̀. Ó ní wọ́n á pè mí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa parí ẹ̀. Mo ní ó dáa.

Jẹun dáadáa.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹjọ

Màmá mi,

Mo borí.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ gbọ́ bó ṣe rí níbí. Gbọ̀ngàn náà kún. Wọ́n gbé ohùn yín sórí ẹ̀rọ, ògbufọ̀ dúró, olóòtú sọ fún gbogbo ayé pé ìyá ọmọ fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó máa wó ògiri. Ẹ wá ní, "Ẹlẹ́rìn-ín, ṣé dáadáa lo jí?" Ẹ ní ṣé mo ti jẹun. Ẹ bèèrè òtútù. Ẹ kí ọ̀gá mi, ẹ kí obìnrin tá a jọ ń ká aṣọ. Ẹ kí olóòtú, ẹ ní ṣé ìyá ẹ̀ wà láyé, ṣé ara wọ́n le. Ẹ kí àwọn tó gbé kámẹ́rà, ẹ ní ṣé apá ò ro wọ́n. Ẹ kí onílé mi. Ẹ kí ẹni tó ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ ní kó máa fi oyin sí omi gbígbóná. Ẹ kí àwọn tó ń wò ó nílé, ẹ ní kí wọ́n kú àìsùn, kí wọ́n kú ìjókòó. Ògbufọ̀ ń túmọ̀, òógùn ń bọ́ lójú ẹ̀. Aago lù. Ẹ ò tíì sọ nǹkan kan.

Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Olóòtú ń nu ojú, ó ní látìgbà tí òun ti dé orí tẹlifíṣọ̀n, ẹnì kankan ò bèèrè ìyá òun rí. Ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì ní bí àwọn èèyàn wa ṣe rí nìyẹn, pé a máa ń kí ara wa títí àsìkò á fi tán. Ẹ ṣe bí oníbàtà gẹ́lẹ́. Èmi nìkan ni ojú mi ò mì.

Tíkẹ́ẹ̀tì ti wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n wọ́n tún fẹ́ kí n dúró. Wọ́n fẹ́ kó àwọn tó borí láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi pa pọ̀, wọ́n ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo rò pé mo máa ṣe é, kí n tó wálé. Ẹ̀yin náà ní àyà bàbá mi ò dùn wọ́n mọ́. Wọ́n á dúró dè mí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án

Ẹlẹ́rìn-ín mi,

Jókòó kí o tó ka èyí.

O ní mo ṣe bí oníbàtà. Oníbàtà gbàgbé pé aago ń lọ. Èmi ò gbàgbé, mo ń wá bí aago yẹn á ṣe tètè lù ni. Kí wọ́n tó gbé mi sórí ẹ̀rọ, obìnrin yẹn bi mí pé ṣé ohun kan wà nílé tó lè mú ojú ọmọ mi yí. Mo ní kò sí. Ó wà. Bàbá rẹ ti kú láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà.

Bí wọ́n ṣe ní o ti wà níbẹ̀, mo gbọ́ bí o ṣe ń mí. Ọ̀rọ̀ náà wá sórí ahọ́n mi. Mo mọ̀ pé tí mo bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, á já bọ́. Ni mo bá ń kí èèyàn. Mo kí ẹni tí mo mọ̀, mo kí ẹni tí mi ò mọ̀. Mi ò ní fi ikú ọkọ mi ṣe eré fún ẹni tó ń jẹ ìpápánu.

Ọ̀sán ló kú, lórí ibùsùn. Ó jẹun díẹ̀. Ó ní kí n gbé fóònù wá kí òun wò ẹ́. Ó wò ẹ́ tán, ó ní, "Kò rẹ́rìn-ín lónìí náà." Ó kọjú sí ògiri. Mo rò pé ó fẹ́ sùn ni, mo padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo rán apá aṣọ kan tán kí n tó pè é.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní ká má sọ fún ẹ. Wọ́n ní ẹni tó dá wà ní ìlú onílùú, tó bá gbọ́, ta ló máa dì í mú? Mo gbà, gbogbo àdúgbò sì gbà. Ṣùgbọ́n o wá kọ̀wé pé á dúró dè ẹ́. Mi ò lè ka ìyẹn kí n tún dákẹ́. A ti sin ín. Wá sílé.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án

Màmá mi,

Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá èmi ló yẹ kí n kí yín bẹ́ẹ̀ àbí ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ kí mi.

Ibi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín, lórí ìdúró. Mo kà á tán, mo fi sápò, mo ń ká aṣọ lọ. Obìnrin tá a jọ ń ká aṣọ wò mí, kò rí nǹkan kan. Nǹkan kan ò sí níbẹ̀. Mo lọ síwájú dígí ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ní, "Bàbá mi ti kú." Mo sọ ọ́ sókè. Mo tún un sọ. Mo fọwọ́ fa ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi wálẹ̀, mo fi sílẹ̀, ó padà síbi tó wà.

Mo ti sọ fún àwọn tẹlifíṣọ̀n pé mi ò ṣe mọ́. Mo ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Mo máa dé, ẹbí á ti jókòó, wọ́n á máa wo ojú mi bóyá mo fẹ́ràn bàbá mi àbí mi ò fẹ́ràn wọn. Màá dúró síwájú ibi tẹ́ ẹ sin wọ́n sí bí mo ṣe máa ń jókòó lórí àga yẹn. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Mo fẹ́ sunkún, Màmá. Mi ò mọ ibi tó wà.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹwàá

Ẹlẹ́rìn-ín mi,

Má kọ̀wé mọ́. Máa bọ̀.

Mo ti ka lẹ́tà rẹ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ ìsọkúsọ nípa ojú rẹ, àwọn àtonítọ̀hún ni. Nítorí náà fi ìyẹn sílẹ̀.

Mi ò sọ èyí fún ẹ rí. Nígbà tí mo bí ẹ, o ò ké. Agbẹ̀bí gbá ẹ nídìí, o ò ké. Wọ́n dojú ẹ délẹ̀, wọ́n fọ́n omi sí ẹ, o kàn ń wò wọ́n. Ẹ̀rù bà mí, mo bú sẹ́kún lórí ibùsùn, mo ké títí gbogbo ilé fi gbọ́. Ìgbà tí o gbọ́ ohùn mi ni o tó dá mi lóhùn.

Tí o bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, má wo ojú ẹnikẹ́ni, ọ̀dọ̀ mi ni kí o máa bọ̀ tààrà. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ ké.

Ìyá rẹ.